Ohun Tí Etí Mi Rí

Ẹ má bi mí bóyá mo kàwé orin.
Aránṣọ ni mí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mọ́kọ́lá.
Ẹsẹ̀ mi ń tẹ máṣíìnì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́,
etí mi ló máa ń ráyè.
Àwo mẹ́tàdínlógójì ni ẹ̀gbọ́n mi Ayọ̀kúnlé fi sílẹ̀
nígbà tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì.
Ó ní, “Móradékẹ́, bá mi tọ́jú wọn.”
N ò tọ́jú wọn. Mo gbọ́ wọn tán ni.

Àpàlà ló wà lókè pátápátá: Làmídì Arówólò àti àwọn ọmọ rẹ̀.
Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí.
Ṣùgbọ́n ojú kan gbáko ló fi kí agbaṣẹ́ṣe kan ní Òkè-Bọ́lá,
ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí mọ́tò rẹ̀,
ó kí ajá tó ń ṣọ́ mọ́tò náà.
Mo ní, baba, èmi ni mo ń san owó iná tí mo fi ń gbọ́ ọ,
kí ló kàn mí pẹ̀lú ajá olówó?
Mo dá a padà sínú páálí.
Lọ́sẹ̀ kejì mo tún yọ ọ́.
Orúkọ ajá náà ti mọ́ mi lẹ́nu.

Jáàsì. Ọkùnrin kan ń fọn fèrè, ó ń wá nǹkan:
ó tú gbogbo ilé, ó tú àpò ṣòkòtò,
ó tún padà sí àpò tó kọ́kọ́ tú.
Mo dúró dè é fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún kó lè rí i.
Kò rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.
Bàbá Fadérera tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àròjinlẹ̀ ni.
Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọrùn búláòsì tí mo rán lọ́jọ́ náà wọ́,
mo sì tú u.

Àwọn òyìnbó onígòjé, bí ọgọ́rin:
wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ yáwó,
wọ́n wá bú sẹ́kún bí ẹni tí wọn ò yá.
Ibi tí gòjé kan ṣoṣo ti dá sọ̀rọ̀ ni tèmi,
tí àwọn yòókù dákẹ́ bí ará ilé òkú.

Régè: orin mẹ́wàá, ìrìn kan náà.
N ò bá a jà. Òun ni mo fi ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò.

Rọ́ọ̀kì: ẹni tó ń pariwo yìí, ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?
Mo sáré gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí ìyá onílé tó jí.
Ó ti jí.

Ìmísí, ọmọ iṣẹ́ mi, gbé tirẹ̀ wá nínú fóònù,
ọmọ Bódìjà kan tí ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà tó já lápò.
Mo ní kó tún un gbé. Mo tún ní kó tún un gbé.
Nínú bí igba ọ̀rọ̀, márùn-ún péré ló wọlé sí mi:
ìyá mi ò tíì jẹun.
Nítorí márùn-ún yẹn, mo dárí àwọn tó kù jì í.

Èyí tí ẹgbẹ́ akọrin wa ṣe ńkọ́? Mo wà níbẹ̀, ìlà kejì.
Kò dára. Ká má purọ́ nílé Ọlọ́run.
Dùùrù ti dé ọ̀run, àwa ṣì wà ní Sáńgo.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n ò lè dá lẹ́jọ́.
Omi Ògùnpa mú un lọ́dún tí odò wá bá wa lórí ibùsùn.
Páálí jẹrà, orúkọ ṣí kúrò,
àwo fúnra rẹ̀ tẹ̀ bí páánù àtijọ́:
abẹ́rẹ́ a gòkè, a sọ̀kalẹ̀, a tún gòkè,
bí arúgbó tó ń gun Mápó lẹ́yìn òjò.
Háílàìfù ni, mo rò. Obìnrin ni, mo rò.
Ohùn rẹ̀ a rì, a tún yọrí,
bí ẹni tó ń pè mí láti òdìkejì.
Máṣíìnì mi a dúró. N kì í mọ ìgbà tó dúró.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé lọ́la, kó kó mẹ́rìndínlógójì.
N ó ní omi ló gbé ìkan lọ.