Ìbàdí Òkúta

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ní Súrátì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta níbi tí mo jókòó,
ìbàdí lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin ń wo ojú dáyámọ́ǹdì, ibi tó ti ń ṣẹ́jú sí iná.
Èmi Raliyat, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń wò,
àmùrè tóóró tó ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀,
tó lè tínrín ju irun ìpéǹpéjú ọmọ ọwọ́ lọ.
Mo fi ẹ̀mú gbé e, mo sún awò mọ́ ojú,
mo sé èémí.
Bí mo bá mí sí i, yóò fi ìkùukùu bojú.

Popat-kaka ló kọ́ mi. Ìka rẹ̀ méjì dúdú títí ó fi kú,
epo àti ẹ̀tù òkúta ló pa wọ́n láró.
Inú àwo pẹlẹbẹ ló ti ń mu tíì, á fẹ́ ẹ, á sì wí pé:
"Má jẹ́ kí líle rẹ̀ tàn ọ́.
Kò sí ohun tó lè ha á lára, àfi ọmọ ìyá rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé ha, ó ṣeé fọ́.
Igi tó bá lè tẹ̀ ni ìjì máa ń fi sílẹ̀;
eléyìí kò mọ títẹ̀."

Bí o bá wá ìlà láàárín tí o kò rí i,
tí òkè àti ìsàlẹ̀ pàdé bí ẹnu abẹ,
gbé e sápá kan, kí o sì bẹ̀rù rẹ̀.
Bí ó bá nípọn bí ìgbànú ọlọ́pàá,
oníbàárà yóò sanwó ẹran tí ojú rẹ̀ kò ní rí.
Èyí tó rí bí omijé, ṣóńṣó rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè.
Sì máa yí i. Máa yí i ká.
Òkúta kan lè sanra níwájú kó rù lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń lu páànù,
Odhavji tú bébà aláwọ̀ búlúù síwájú mi.
Káráàtì kan, àti ẹ̀hù díẹ̀ lórí rẹ̀.
Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó dára.
Ní yíyí kẹrin, àmùrè náà pòórá.

Mo ní, "Ẹ dá a padà sórí kẹ̀kẹ́."
Ó ní, "Bí a bá dá a padà, kò ní pé káráàtì mọ́.
Kọ ọ́ pé ó dọ́gba, Raliyatben. Bíńtín ni."

Owó ilé-ìwé Jamna wà lọ́rùn mi.
Mo kọ ọ́ pé ó dọ́gba.
Bírò náà kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Nemai gun àtẹ̀gùn wá,
ọmọ Bẹ̀ngálì tó ń de òkúta mọ́ òrùka ní òpópó ẹ̀yìn wa.
Ó ní èékánná wúrà mẹ́ta ló ti tẹ̀ mọ́ ọn láìsí wàhálà.
Ó tẹ ẹ̀kẹrin, ó gbọ́ "pín",
bí ìgbà tí eyín bá já hóró iyọ̀.
Wọn yóò yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́fà.
"Ṣé ọwọ́ mi ni?" Ó na ọwọ́ náà sí mi.

Mo gbé òkúta sábẹ́ awò.
Ibi tó kán ní àtẹ̀gùn wẹẹrẹ, wẹẹrẹ,
ó sì ń dán ju gbogbo ibi tí a dán lọ.

Mo ní, "Ó tínrín níbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ."
Ó ní, "Ta ló wá wò ó?"

Fáànù ń yí.
Mo nu awò mi, ó mọ́. Mo tún un nù.