Kín-kín Lójú Ọ̀nà Coroico

Kì í dún nígbà gbogbo.
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.
Ká ní ó ń dún láàárọ̀, ó ń dún lálẹ́,
ǹ bá ti bá a wọ̀yá ìjà.
Ṣùgbọ́n bí olè ni: ẹ gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀,
ẹ tan iná, ẹ ò bá ẹnì kankan.

Kín. Kín-kín. Kín.
Bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, tó ń bọ́ níkọ̀ọ̀kan sínú abọ́ irin.
Àpò kọfí méjì lẹ́yìn mi, òkè níwájú,
mo fún un níná, kín;
mo dẹwọ́, ó panu mọ́.
"Primitivo, ṣé o gbọ́?"
Ọmọdékùnrin tó jókòó lé àpò ní ẹyẹ ni.
Ẹyẹ wo ló ń fi gíà kẹta fò?

Mo pààrọ̀ bẹntiróòlù. Kì í ṣe òun.
Mo yí gbogbo bóòtù le dan-in-dan-in,
títí kan ti ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé.
Mo tú irin tó bo sàlẹ́ńsà, mo gùn ún níhòòhò
(alùpùpù ló wà níhòòhò, kì í ṣe èmi).
Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo gbé e sójú oòrùn:
ó funfun bí egungun,
àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ata lórí ẹyin.
Bàbá Casiano ní Yolosa gbé etí lé ẹ́ńjìnnì,
ẹ́ńjìnnì ń mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọ tó sùn.
Eyín tó ń dunni lóru,
tó bá fojú kan dókítà, ara rẹ̀ a yá.

Ni mo bá fa ìwé ìṣirò ọmọ mi yọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
Ọjọ́ Ajé, Yolosa, oòrùn mú, ẹrù wúwo. Ó dún.
Ọjọ́rú, La Cumbre, yìnyín, ẹrù kan náà. Kò dún.
Ọjọ́ Ẹtì, Unduavi, ìkùukùu. Kò dún.
Ọjọ́ Ẹtì kan náà, mo sọ̀ kalẹ̀,
mo tún ń gun òkè wọ Coroico: ó dún, ó dún, ó dún.
Mo wo ìwé náà títí.
Afẹ́fẹ́ ni.
Lókè, ó ṣàn bí ọbẹ̀ ìparí oṣù;
nísàlẹ̀, ó ki bí ògì àgbàdo pupa tí à ń mu láàárọ̀.

Ta ló wá to iná rẹ̀? Hilarión, ẹ̀gbọ́n mi,
ní El Alto, níbi tí iná ti ń lọ́ra jó.
Ó sún taimíìnì síwájú kí iná lè tètè dé.
Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó tọ̀nà. Lọ́dọ̀ mi, iná ń fèsì
kí písítìn tó parí ọ̀rọ̀.
Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò sọ̀ kalẹ̀ wá,
nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìyá wa, tí n kò tíì sọ parí.

Mo pè é. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Kì í dún níbí."
Mo ní, "Dúró."
Mo fi ìborùn de fóònù mọ́ àyà,
mo gbé àpò méjèèjì, mo kọjú sókè.
Kín. Kín-kín.
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà:
"Ṣé odò nìyẹn?"
Mo ní odò ni, lápá òsì.
"Ó ṣì ń pariwo báyẹn?"
Ó ṣì ń pariwo.
"Dá a padà sẹ́yìn," ó ní,
"ìwọ̀n èékánná. Má ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Èékánná ìka kékeré ni mo lò.
Láti ọjọ́ náà, nísàlẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́.
Ṣùgbọ́n tí a bá dé La Cumbre, tí a kọjú sí El Alto,
ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀
bí àlejò tí kò dá lójú pé wọ́n ń retí òun.
Mi ò bú u. Mo kàn já gíà kan.
Èmi náà kì í yára lójú ọ̀nà ibẹ̀.