Fẹ́ Ẹ, Màámà

"Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?" ni dókítà bi mí.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi.
Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo mu èéfín,
èéfín ló mu mí,
ogójì ọdún, létí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà,
nídìí ààrò mẹ́ta tí ọkọ mi fi àgbá epo ṣe,
èmi àti àjákù pákó láti Oko Bàbá,
ẹja ṣáwá lórí wáyà,
fùkù èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
à ń gbẹ pọ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́ wọ́n ní ikọ́ ife ni.
Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò rí nǹkan kan.
Ṣùgbọ́n ìyàwó Mafimisẹ̀bi ti ya kọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀,
kọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tó ti ṣán létí.
Ó ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀ dòní.

Ní Gbàgádà, Nọ́ọ̀sì Ìdáyátù dí imú mi,
ó ti ọ̀pá oníke kan bọ̀ mí lẹ́nu:
"Fẹ́ ẹ, Màámà! Ó kù! Ó kù! Ó kù!"
bí ẹni tó ń gbẹ̀bí.
Èmi tí mo fẹ́ná igi tútù lójú òjò, tó gbiná,
ìlà tíńtín kan lójú ẹ̀rọ
kọ̀, kò gòkè.

Dókítà yàwòrán: ọ̀nà èémí mi ti há,
afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò rọ́nà jáde.
Mo ní ó yé mi. Bí ẹja ṣe ń wọ ìgèrè náà nìyẹn.
Ó wò mí, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Ṣé yóò lọ?"
"Kò níí lọ, Màámà. Ẹ óò kọ́ bí ẹ ó ṣe máa bá a gbélé ni."
Bí orogún, mo ní.

Ó wá di
fà á,
mú un dúró,
ka mẹ́wàá,
tú u.
Kí n sú ètè bí ẹni ń fẹ́ àtùpà pa,
díẹ̀,
díẹ̀.
Àtẹ̀gùn pákó ilé wa jẹ́ mọ́kànlá.
Mo ń jókòó lórí ìkarùn-ún,
mo ń ka ọkọ̀ ojú omi.

Mo ta ààrò méjì.
Lówùúrọ̀ àná mo rí èéfín lórí ìkẹta:
Ìbíwùmí, ọmọ mi, ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ́ná.
Mo fẹ́ pè é.
Èémí tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ débẹ̀ ò sí.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mọ́kànlá,
mo bu omi ọ̀sà, mo dà á sínú ààrò.

Ó ní, "Màámà, kí la ó wá tà?"
Mo na ọwọ́ sí i: dúró ná.
Mo ṣì ń ka mẹ́wàá.