Òṣómàáló Onísípánà

Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsọ̀nà,
ẹrù níwájú, ẹ́ńjìnì lẹ́yìn,
ọkọ̀ tí kì í mu omi rárá,
tó wá di ibi tí adìẹ ń yé sí.
Fàmúrewá ló ni ín, òṣómàáló aláṣọ.
Ó fi gbé àǹkárá àti gínnì dé Ọ̀fà, dé Kàbà,
ó tà á láwìn, ó padà lọ gbowó.
Bí onígbèsè bá ní òun kò sí ńlé,
bàbá mi á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.
Òjò á rọ̀, oòrùn á ràn,
ìdí rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀.

Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì,
mo ní màá jí ọkọ̀ náà.
Mẹkáníìkì Ìròjò wò ó, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Màmá, kò sí irinṣẹ́ ọkọ̀ yìí mọ́ ní gbogbo Iléṣà.
Ó ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n lò wọ sàréè."
Kò burú.
Ohun tí ọjà kò tà, ọwọ́ ni yóò rọ ọ́.

Nọ́ọ̀tì ìdí táyà ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ bá jà.
Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó ojú aago ọwọ́,
ó ti gan mọ́bẹ̀ láti ọdún tí bàbá mi ti dákẹ́.
Sípánà yọ̀ lórí rẹ̀.
Òòlù bà á, òòlù ta padà.
Mo bẹ Lápàdé wẹ́dà, ó gé abala sípíríǹgì tírélà,
ó dá ihò onígun mẹ́fà sí i,
ó jó o mọ́ páìpù omi ìjọba
tí omi kò gba inú rẹ̀ kọjá rí.
Mo gun páìpù náà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́,
èmi àti ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta mi.
Nọ́ọ̀tì ké.
Ohùn tó jáde jọ ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán:
Ta nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀dì onírin ìyá mi, tí wọ́n bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé lórí,
òun ni mo fi ayùn gé, tí mo fi ṣe ohun tí yóò gbé ìdí ọkọ̀ sókè.
Ti àkọ́kọ́ tẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú;
díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.
Mo lóṣòó, mo wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo tún un gé.
Mo fi irin dábùú ọrùn rẹ̀, mo fún un ní táyà ọmọlanke,
mo sọ ọ́ ní Gbédìí.
Lọ́jọ́ tí Gbédìí gbé ìjàpá nílẹ̀,
adìẹ sá jáde pẹ̀lú ariwo,
ẹyin méjì fọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mo jẹ́ kí àdúgbò rí i.
Ọ̀dẹ́yalé wá yá a, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jìn sí kòtò.
Ìyá Ẹ̀yinjú yá a torí ẹ̀rọ ìlọgàárì.
Ṣọ́ọ̀ṣì etí odò fi gbé agogo wọn padà sókè,
wọ́n gbàdúrà fún mi,
wọ́n sì fi lé Ọ̀dẹ́yalé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Páìpù gígùn ti dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.
Agolo mílíìkì tí mo fi ń fún ríìnì písítìn nìkan ló kù sílé.
Irin tí mo rọ nítorí ọkọ̀ ń rìn;
ọkọ̀ kò rìn.
Wọ́n ní ìjàpá kì í ti ìrìn-àjò dé àfi tó bá tẹ́.
Tèmi ò tíì kúrò ńlé, ojú ti ń tì mí.

Láàárọ̀ yìí mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀dẹ́yalé.
Ọmọ rẹ̀ yọjú: "Bàbá ò sí ńlé."
Mo gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ nínú yàrá.
Mo ká ìró mi sáàárín itan,
mo lóṣòó.
Orúnkún mi ké bí nọ́ọ̀tì ọjọ́sí.
Kò burú.
Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni.