Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

A ta oko àgbàdo ní Nebraska, a fi owó rẹ̀ ra ilé tó ń rìn:
ibùsùn lẹ́yìn, sítóòfù láàárín, àga méjì níwájú.
Èmi àti Delbert ọkọ mi,
a ní ká lọ wo òkun kí ojú tó ṣú.

Atẹ́gùn Wyoming kò mọ̀ pé àgbà ni wá.
Ó ti orí òkè wá, ó gbá wa létí,
ilé wa fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì,
bí ọ̀mùtí tó ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lóru.
Tírélà kan kọjá lára wa, ó kọ́kọ́ tì wá,
lẹ́yìn náà ló fà wá mọ́ra
bí ẹni tó rántí pé a jẹ òun ní gbèsè.
Àwo mi mẹ́rin fọ́. Mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Delbert di sítíárìn mú bí ẹni di ìwo màlúù mú,
kò sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta.
Lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí mọ́.
Omi gbígbóná ni mo fi tú u,
ìka kan, ìka kan.

Ní Rawlins la ti bá Consuelo Archuleta pàdé,
mẹkáníìkì, obìnrin kúkurú, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́.
Delbert na ìwé sí i: gbogbo irin tí owó lè rà.
Kò wo ìwé.
Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbé e gun ìwọ̀n rí?"
Ọkọ mi, tó fi ogójì ọdún gbé ọkà gun ìwọ̀n,
wo bàtà ara rẹ̀.

Táyà mẹ́fà ni ilé wa ní;
ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Ẹ̀yìn lápá òsì fi ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn wúwo ju ọ̀tún lọ.
Consuelo ṣí àpótí abẹ́ ilé lápá ibẹ̀:
irin tí bàbá Delbert fi ń rọ bàtà ẹṣin,
páálí bàtà ẹṣin mẹ́sàn-án,
ẹ̀wọ̀n tó ti dípẹtà.
Oko tí a ní a ti tà,
abẹ́ ibùsùn mi ló kó o sí.
Mi ò bínú. Mo kàn ka páálí náà,
mo tún un kà.

"Táyà ńkọ́?"
"Ojú rẹ̀ ṣì dára," ni ọkọ mi wí.
Consuelo fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i.
Ọdún mọ́kànlá. Rọ́bà ti sán bí gìgísẹ̀ lásìkò òtútù.
"Ẹ̀yin ọkùnrin, ojú lẹ máa ń wò, ẹ kì í bèèrè ọjọ́ orí."
Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.
Ó tú ṣọ́ọ̀kì kan, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Ó wọlé, kò padà jáde.
"Òkú lẹ̀ ń gbé kiri."

Ó fi tuntun sí i. Nígbà tó kan afẹ́fẹ́, Delbert ní
kí ó fẹ́ ẹ kó le bí òkúta, bí wọ́n ṣe kọ́ òun.
"Èyí tó le jù, fífò ni yóò máa fò.
Èyí tó rọ̀ jù, yóò gbóná, yóò bẹ́.
Ẹrù ni ká bi léèrè."

Atẹ́gùn wà níbẹ̀ nígbà tí a jáde.
Kò yí padà, kò tọrọ àforíjì.
Tírélà kọjá; ilé wa sún díẹ̀,
bí ẹni tó fún àlejò láyè lórí bẹ́ǹṣì.
Kọfí mi gun etí ife, ó ronú,
ó padà sínú.

Irin bàbá rẹ̀ ṣì ń bá wa lọ,
láàárín gbùngbùn báyìí, lábẹ́ tábìlì oúnjẹ,
mo máa ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ láràárọ̀.
Páálí bàtà ẹṣin ku ẹyọ kan.

Nígbà tó yá, Delbert mú ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí sítíárìn.
Mo rò pé ọwọ́ mi ló fẹ́ dì mú.
Etí ló fi họ.