Iná Orí Àpáta

Ọdún kẹta rèé tí a sin ọ́ sí Lántòrò, Bàbá.
Ẹ̀gbọ́n mi Máyọ̀kún ní kí n yé gbàdúrà fún òkú,
pé ibi tí igi bá wó sí, ibẹ̀ náà ni yóò wà.
Mo dákẹ́. Mo wẹ̀, mo wé gèlè funfun,
mo lọ gba Mísà fún ọ lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá.
Akọ̀wé ìjọ ní, "Orúkọ ta ni?"
Mo kọ ọ́: Bonifásì Ṣókúnbì, afọ́kùúta.
Ó ní ti iṣẹ́ kò pọn dandan.
Mo fi í síbẹ̀. Bonifásì pọ̀ níwájú Ọlọ́run.

Kí katikíìsì tó kọ́ mi ní Pọgatórì, ìwọ ti kọ́ mi.
Lẹ́yìn Adátán, lórí àpáta tó dúdú bí ìdí ìkòkò,
o to igi, o ju ògbólógbòó táyà lé e,
o ṣáná sí i, o jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"
O rẹ́rìn-ín. O ní òkúta kì í kú,
iná yìí kì í ṣe iná ìbínú,
ó ń bẹ ohun tó le kó lè là ni.
Ní ìdájí, a gbọ́ ọ: kẹ̀, kẹ̀kẹ̀,
àpáta ń jẹ́wọ́.

Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà ilé ní
má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló,
ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí o bá wọn jẹ.
Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jẹ níbi tí o wà,
tí kì í ṣe ayé, tí kò tíì dé ibi àsè?
Bóyá àdúrà wa ni.
Bóyá ebi lo fi sùn
lálẹ́ ọjọ́ tí oorun gbé mi lọ láìkí Màríà.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún Fadá.
Ìyá Ṣífáwù ru òkúta fún ọ dé etí títì,
ogójì páànù lóòjọ́, o san ọgbọ̀n.
Ọwọ́ mi ni ṣọ́ọ̀kì wà.
Èmi ni mo fa ìlà tó dín.

Nígbà tí Mísà parí, n kò lọ sílé.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, ẹ̀gbẹ́ ojú irin,
mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti di, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.
Mo kó owó lé e ní àtẹ́lẹwọ́, mo sọ ti kí ni.
Ó fi ìka kà á, kò yára.
Ó yọ igba náírà, ó dá a padà:
"Mo mọ iye tí mo rù. Eléyìí kì í ṣe tèmi."
Ó tún ní, "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti délé?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, ìyá."

Igba náírà yẹn ni mo fi ra àbẹ́là kan.
Mo tàn án sórí sàréè rẹ, lórí òkúta,
iná kékeré tí kò lè fọ́ nǹkan kan.
Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.