Aago Mẹ́ta Kọjá Ìṣẹ́jú Méjìlá

Òjò Rochdale ń fọ fèrèsé. Kọ̀ǹpútà wa
ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbà tó gun òkè.
Ọlámipọ̀sí ló mú géèmù ọ̀fẹ́ wọlé,
géèmù kó ìyekan mẹ́rìnlá dání:
ọ̀kan ń polówó bàtà, ọ̀kan ní dókítà lòun,
àìsàn igba ó lé méje ló ń ṣe ẹ̀rọ mi,
kí n ṣáà mú káàdì báńkì wá.

Mo ní kí wọ́n máa lọ.
"Ṣé ó dá ọ lójú?"
Ó dá mi lójú. Ẹ gbẹ́sẹ̀.
Ọ̀kan gba iwájú jáde, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé;
mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn,
kí n tó rí gbòǹgbò rẹ̀ fà tu.

Mo wá ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀:
àṣìṣe, ìkìlọ̀, àṣìṣe. Àyà mi já.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló pọ̀ ńbẹ̀, ó ń ráhùn yíǹkì.
Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá,
lóròòru, ẹnìkan ń jí i.

Olè! Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀:
fọ́tò kan ṣoṣo ló ń ṣí, ìyá Ìbídùn
lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìkirun.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ti pa á dé.

Aago mẹ́ta nìyàwó mi máa ń ti ibi iṣẹ́ òru dé.
N ò bi í.
Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù,
kó má baà gún un lójú.